Dísìkì Ló Bàjẹ́ Ni, àbí Ìwé Rẹ̀ Ló Dàrú?

Ìbéèrè tí orí yìí fẹ́ dáhùn kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó ń lo kọ̀ǹpútà ní ìlú tí iná kì í dúró. Ẹ̀rọ tó ṣiṣẹ́ geerege títí di ìrọ̀lẹ́, kí ló dé tí kò fi jí ní òwúrọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n mú iná lójijì? Kí ló dé tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ funfun ló ń tò sí ojú dúdú, tó ń sọ pé nǹkan ti ṣe dísìkì, pé kí a fi ọwọ́ ara wa ṣe fsck, ìyẹn àyẹ̀wò àkọsílẹ̀ dísìkì? Ní ìwọ̀ oòrùn Èkìtì, láti Òkè-Ìmẹ̀sí dé Ẹ̀fọ̀n Aláayè, Arámọkọ àti Ìjerò, nǹkan méjì ló pàdé tó sọ ọ́ di ìbéèrè tí kì í tán. Ìkíní ni iná. Ilé-iṣẹ́ BEDC ló ń pín iná fún Èkìtì, Oǹdó, Ẹdó àti Delta láti ìgbà tí ìjọba ti ta ilé-iṣẹ́ iná fún aládàáni ní 2013, àmọ́ NẸ́PÀ ni gbogbo ayé ṣì ń pè é, nítorí pé ìwà iná kò yí padà pẹ̀lú orúkọ. Ní 2024 nìkan, ètò iná gbogbogbòò orílẹ̀-èdè yìí wó lulẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ sì ṣókùnkùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ìkejì ni ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Tòkunbọ̀ ló pọ̀ jù nínú kọ̀ǹpútà tó wà lórí tábìlì ilé-ẹ̀kọ́, ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé àti ilé wa: ó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún púpọ̀ ní òkè òkun kó tó gba ọjà kọ̀ǹpútà Ọ̀tìgbà ní Ìkẹjà dé ọ̀dọ̀ wa, bátìrì rẹ̀ ti kú, ara ògiri ló sì ti ń jẹun. Tí iná bá lọ, òun náà lọ, kò sí ìṣẹ́jú kan láti dágbére.

Ìdáhùn tí wọ́n sábà máa ń fún ẹni tó bá gbé irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ lọ sọ́dọ̀ alátùn-únṣe ni pé kí wọ́n fọ́máàtì rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú orí yìí ni pé ìdáhùn náà yá ju bó ṣe yẹ lọ. Oríṣi ìbàjẹ́ méjì ló wà tí ojú wọn jọra, ọ̀kan wà nínú irin, èkejì wà nínú àkọsílẹ̀, ohun tó sì ń tún ọ̀kan ṣe lè pa èkejì run pátápátá. Nítorí náà, ètò tó tọ́ ni kí a kọ́kọ́ mọ èyí tó jẹ́, kí a ṣe ẹ̀dà ohun tó wà nínú dísìkì, kí àtúnṣe sì jẹ́ ìgbésẹ̀ ìkẹyìn. Linux ni mo máa fi ṣàlàyé, ètò tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní 1991. Ọ̀fẹ́ ni, àwọn irinṣẹ́ tí a nílò wà fún un lọ́fẹ̀ẹ́, kì í sì í fi ohun tó ń ṣẹlẹ̀ pamọ́ fún ẹni tó bá bi í léèrè.

Ẹ jẹ́ ká fi sítọ́ọ̀ kòkó ṣe àpẹẹrẹ, irú èyí tí àwọn tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ ní agbègbè wa ń kó ọjà sí. Àpò ló kún inú sítọ́ọ̀ náà, gbogbo àpò tóbi bákan náà, ibi tí a gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí sì ní nọ́ńbà. Lórí dísìkì Linux, àpò yìí ni ìpín, ìpín kan sì sábà máa ń gba báìtì 4,096. Lẹ́tà kúkúrú kan lè wọ inú àpò kan ṣoṣo, àmọ́ fọ́tò ìgbéyàwó kan á gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún àpò, wọn kò sì ní láti wà lójú kan náà. Ta ló wá mọ ẹni tó ni àpò kọ̀ọ̀kan? Akọ̀wé ni, ìyẹn Linux fúnra rẹ̀, ìwé ńlá tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló sì fi mọ̀ ọ́n. Ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé náà sọ bí sítọ́ọ̀ ṣe tóbi tó àti bí a ṣe tò ó. Èyí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní superblock. Abala kan jẹ́ ti orúkọ: orúkọ kọ̀ọ̀kan ń tọ́ka sí nọ́ńbà káàdì kan. Káàdì yẹn ló sọ ẹni tó ni ọjà, ọjọ́ tó kó o wọlé, bó ṣe pọ̀ tó àti nọ́ńbà gbogbo ibi tí àpò rẹ̀ wà, àmọ́ kò sí orúkọ fáìlì lórí káàdì náà rárá. Inode ni wọ́n ń pè é. Abala mìíràn sì ń fi hàn ibi tó ṣófo àti ibi tó ti kún. Gbogbo ìwé yìí lápapọ̀ ni mo ń pè ní ètò ìtọ́jú fáìlì. Ẹ kíyè sí i pé inú sítọ́ọ̀ náà gan-an ni ìwé yìí wà, lórí ilẹ̀ kan náà pẹ̀lú àpò. Tí ilẹ̀ bá jìn lábẹ́ àpò, a pàdánù àpò kan. Tó bá jìn lábẹ́ ìwé, gbogbo àpò wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ olówó wọn.

Báwo wá ni iná tó lọ ṣe ń da ìwé yìí rú? Kọ̀ǹpútà kì í kọ ohun tí a ní kó fi pamọ́ sórí dísìkì lójú ẹsẹ̀. Dísìkì lọ́ra gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrántí onígbà díẹ̀ tí à ń pè ní RAM, nítorí náà Linux máa ń kó iṣẹ́ jọ síbẹ̀ ná, á sì wá kọ wọ́n pọ̀. Ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ lè wà ní RAM fún nǹkan bí 30 ìṣẹ́jú-àáyá kó tó dé orí dísìkì, àfi tí ètò tí a ń lò bá pàṣẹ pé kó kọ ọ́ báyìí. RAM kò sì lè di nǹkan kan mú tí iná bá lọ. Pípàdánù gbólóhùn díẹ̀ kò burú púpọ̀. Ohun tó burú ni pé fífi fáìlì kan ṣoṣo pamọ́ ń béèrè kí akọ̀wé kọ nǹkan sí ojú ewé mẹ́ta tàbí mẹ́rin: orúkọ, káàdì, ibi tó ṣófo. Tí iná bá lọ lẹ́yìn tó ti kọ méjì, ìwé ti tako ara rẹ̀. Káàdì sọ pé àpò kan ti ní olówó, abala ibi tó ṣófo sọ pé kò sí ẹni níbẹ̀, lọ́la akọ̀wé á sì gbé ọjà ẹlòmíràn lé e lórí. Ìtakora kékeré yìí ló ń bí ìparun ńlá, ìdí nìyí tí ẹ̀rọ fi ń kọ̀ láti tẹ̀ síwájú nígbà tó bá rí i.

Nígbà tí ext2, ètò ìtọ́jú fáìlì Linux àtijọ́, jáde ní 1993, ọ̀nà kan ṣoṣo tó wà ni kí a yẹ gbogbo ìwé wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ní gbogbo ìgbà tí iná bá lọ, èyí tó lè gba wákàtí lórí dísìkì ńlá. Stephen Tweedie ló mú ojútùú wá sínú ext3, tó wọ inú Linux ní 2001: ìwé kékeré kan tí akọ̀wé á kọ́kọ́ kọ ohun tó ń gbèrò láti ṣe sí, kó tó fọwọ́ kan ìwé ńlá. Ìwé ìpète ni mo sọ ọ́. Tí iná bá lọ, akọ̀wé á dé, á ṣí ìwé ìpète, ohun tó bá ti kọ parí síbẹ̀ á ṣe é parí nínú ìwé ńlá, èyí tí kò kọ tán á pa á rẹ́. Ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ext4, tí wọ́n kéde ní òpin 2008 pé ó ti ṣeé lò, tí ọ̀pọ̀ Linux sì ń lò báyìí, jogún ìwé ìpète yìí, ó sì máa ń kọ ọ́ sórí dísìkì ní ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún márùn-ún. Iṣẹ́ ńlá ni èyí, mo sì rò pé a kò yin àwọn tó ṣe é tó.

Ẹnìkan á wá sọ pé: tí ìwé ìpète bá wà, kí ló tún dé tí àṣìṣe ṣì ń yọjú? Àtakò tó mọ́gbọ́n dání ni. Lákọ̀ọ́kọ́, bí wọ́n ṣe sábà ń tò ó, ọ̀rọ̀ nípa àpò nìkan ni ìwé ìpète ń gbà sílẹ̀, kì í gba ohun tó wà nínú àpò sílẹ̀. Ìwé lè tọ́ délẹ̀délẹ̀ kí fáìlì tí a ń kọ lọ́wọ́ sì ṣófo. Lẹ́yìn náà, gbogbo ọgbọ́n yìí dúró lórí pé kí dísìkì sọ òótọ́ nígbà tó bá ní òun ti kọ ọ́ tán. Dísìkì náà ní ìrántí kékeré tirẹ̀, òmíràn sì máa ń dáhùn pé ó ti parí nígbà tí iṣẹ́ ṣì wà nínú ìrántí yẹn. Àwọn kan gbà pé SSD, dísìkì tuntun tí kò ní ohun tó ń yí nínú, bọ́ lọ́wọ́ wàhálà yìí. Ẹ̀rí kò tì wọ́n lẹ́yìn. Ní 2013, àwọn olùwádìí láti Ohio State University àti HP Labs mọ̀ọ́mọ̀ já iná mọ́ SSD 15 lójú nígbà tí wọ́n ń kọ nǹkan sí wọn. 13 nínú wọn ló hùwà tí kò yẹ, àwọn kan sọ ohun tí wọ́n ti gbà nù, àwọn kan da á rú. SSD yára, kì í sì í tètè fara pa tó bá já bọ́ láti orí tábìlì, àmọ́ ẹni tó bá ra SSD nítorí pé iná ń lọ ti ra ohun mìíràn yàtọ̀ sí èyí tó ń wá.

Ó ku irin. Inú háàdì dísìkì ni àwo dídán wà tó ń yí láìdúró, ẹ̀rọ tín-ín-rín kan sì ń rá bàbà lórí rẹ̀ láìfọwọ́ kàn án, ó ń kà, ó ń kọ. Àlàfo àárín wọn kéré tó bẹ́ẹ̀ tí a kò lè fi ojú lásán rí i. Ooru, gbígbọ̀n, ọjọ́ orí àti iná tó ń já lójijì ń jẹ irin yìí lára díẹ̀díẹ̀, títí ojú kan lórí àwo kò fi ní ṣeé kà mọ́. Dísìkì mọ̀ pé irú rẹ̀ á ṣẹlẹ̀, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ṣe ojú àfikún sí i láti ilé-iṣẹ́: tí ibì kan bá kú, ó máa ń gbé iṣẹ́ ibẹ̀ lọ sí àfikún láìsọ fún wa, á sì kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ ìlera tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní SMART. Àṣẹ smartctl ló ń ka àkọsílẹ̀ yìí. Ìlà mẹ́ta ló yẹ kí a kọ́kọ́ wò níbẹ̀: Reallocated_Sector_Ct, ìyẹn iye ojú tó ti kú tí a ti rọ́pò, Current_Pending_Sector, iye èyí tí kò ṣeé kà tí a kò tíì rọ́pò, àti Power_On_Hours, iye wákàtí tí dísìkì ti fi ṣiṣẹ́. Ìlà ìkẹyìn yìí ló ń tú àṣírí tòkunbọ̀. Wákàtí 8,760 ló wà nínú ọdún, nítorí náà dísìkì tó bá ka 35,000 ti ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru fún nǹkan bí ọdún mẹ́rin, bó ti wù kí òde rẹ̀ máa dán tó.

Báwo ni a ṣe lè gbọ́kàn lé àkọsílẹ̀ yìí tó? Àwọn onímọ̀ Google tẹ ìwádìí kan jáde ní 2007 lórí dísìkì tó lé ní 100,000 tí wọ́n ń lò. Wọ́n rí i pé tí dísìkì bá fi lè ní ojú kan tí kò ṣeé kà nígbà àyẹ̀wò, ó fi ìlọ́po 39 súnmọ́ ikú láàárín ọjọ́ 60 ju èyí tí kò ní lọ. Àmọ́ wọ́n tún rí i pé ó lé ní ìdá 36 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn dísìkì tó kú tí kò fi àmì ìkìlọ̀ kankan hàn. Ohun tí èyí kọ́ wa ni pé tí SMART bá kígbe, kí a gbà á gbọ́ lójú ẹsẹ̀. Tó bá dákẹ́, kí a má fi ìdákẹ́ rẹ̀ ṣe ẹ̀rí àlàáfíà.

Ní báyìí a lè padà sí ojú dúdú àti ọ̀rọ̀ funfun. Ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn gan-an ló ń sọ èyí tó bàjẹ́, ẹni tó bá sì ti kánjú pa ẹ̀rọ ti lé ẹlẹ́rìí lọ. Tí ẹ̀rọ bá ṣì ń jí, àṣẹ dmesg á tò wọ́n jáde. Tí kò bá jí, a lè fi fláàṣì tí a ti gbé Linux sí jí i, kí a sì wo inú rẹ̀ láti ìta. Ìlà tó bá ní "I/O error" nínú, tó sì ń dárúkọ sector kan, ìyẹn ojú kan lórí dísìkì, léraléra, irin ló ń bá wí: kọ̀ǹpútà béèrè, dísìkì kò lè dáhùn. Ìlà tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "EXT4-fs error" tí kò sí àròyé irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìwé ló sábà máa ń jẹ́. Tí méjèèjì bá wà pọ̀, irin ló ń ba ìwé jẹ́, irin ni kí a sì kà sí. Ẹ̀kẹta wà tí ọ̀pọ̀ alátùn-únṣe kì í rántí: okùn tó so dísìkì mọ́ ẹ̀rọ lè ti tú díẹ̀. Iye tó wà ní ìlà UDMA_CRC_Error_Count á máa gòkè nígbà náà, owó okùn tuntun nìkan sì ni ìnáwó rẹ̀. Bákan náà, tí a bá rí i pé fáìlì ṣeé ṣí ṣùgbọ́n kò ṣeé fi pamọ́ mọ́, kí a má bínú sí ẹ̀rọ. Linux ti ti ìwé náà mọ́ kíkà nìkan nítorí pé ó rí ìtakora, kò sì fẹ́ kí ó pọ̀ sí i. Ààbò ni. Ẹni tó fipá ṣí i padà láìwá ìdí ń kọ ọjà tuntun sínú ìwé tí kò dá a lójú.

Lẹ́yìn tí a bá mọ èyí tó jẹ́, ẹ̀dà ló kàn. Tó bá jẹ́ irin, gbogbo kíkà ń dín ọjọ́ rẹ̀ kù, nítorí náà ddrescue, èyí tí Antonio Diaz Diaz kọ, ni irinṣẹ́ tó yẹ. Ọgbọ́n rẹ̀ ni pé kì í bá ibi tó le jà ní ìbẹ̀rẹ̀. Á kọ́kọ́ kó gbogbo ohun tó rọrùn láti kà, á fo ibi tó bá kọ̀, á sì kọ ọ́ sílẹ̀ ibi tó fò. Ìgbà tó bá kó èyí tó rọrùn tán ni yóò padà wá máa tọ́ ibi líle wò díẹ̀díẹ̀. Tí iná bá lọ láàárín, ibi tó dé ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ nítorí àkọsílẹ̀ yẹn. Orí ẹ̀dà yìí ni kí a wá ti ṣe fsck, kó má jẹ́ orí dísìkì tó ń kú.

Kí ni fsck ń ṣe gan-an? Ti ext4 máa ń yí ìwé po lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ó ń yẹ káàdì wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń wo abala orúkọ, ó ń wò ó bóyá gbogbo abala so mọ́ra, ó ń ka iye orúkọ tó ń tọ́ka sí káàdì kọ̀ọ̀kan, lákòótán ó ń fi ibi tó ṣófo wé ibi tó kún. Káàdì tó ní ọjà ṣùgbọ́n tí kò ní orúkọ, á kó o sí igun kan tí wọ́n ń pè ní lost+found, kí olówó wá wò ó bóyá tirẹ̀ ni. Tí ojú ewé àkọ́kọ́ bá ti ya, ẹ̀dà rẹ̀ wà káàkiri dísìkì, ọ̀kan sì sábà máa ń wà ní ìpín 32768. Àmọ́ ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: fsck kì í ṣí àpò wò. Kí ìwé má tako ara rẹ̀ ni iṣẹ́ tirẹ̀, tí pípa káàdì kan rẹ́ bá sì jẹ́ ọ̀nà tí ìtakora fi máa tán, á pa á rẹ́. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí a kọ́kọ́ lò ó pẹ̀lú -n, kó kàn sọ ohun tó rí láìfọwọ́ kan nǹkan, dípò kí a sáré fi -y dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí gbogbo ìbéèrè rẹ̀. Ìdí kan náà ni a kì í fi í ṣe é lórí dísìkì tí ẹ̀rọ ń lò lọ́wọ́: akọ̀wé méjì kò gbọdọ̀ máa kọ ìwé kan náà láìmọ̀ nípa ara wọn.

Àtakò tó wúwo jù ni ti owó. Ẹni tó ra tòkunbọ̀ nítorí pé kò lè ra tuntun, níbo ni yóò ti rí dísìkì kejì tí yóò ṣe ẹ̀dà sí? N kò ní fi ọwọ́ rọ́ èyí sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ìbàjẹ́ bá ti dé ni ẹ̀dà gbogbo dísìkì ń wọ́n. Kó tó dé, ohun tí kò ṣeé rọ́pò kò pọ̀. Àkọsílẹ̀ èsì ìdánwò ilé-ẹ̀kọ́ kan fún ọdún mẹ́wàá lè wọ inú fláàṣì kékeré. Kí a sáà ṣọ́ra fún ayédèrú fláàṣì tó ń purọ́ ìtóbi rẹ̀, tó ń gba fáìlì tó sì ń sọ wọ́n nù. Irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ tó ń jẹ́ F3 wà tí yóò fi òtítọ́ rẹ̀ hàn. UPS, bátìrì tó ń gbé kọ̀ǹpútà ró tí iná bá lọ, náà kò ní láti gbé e fún wákàtí kan, ìṣẹ́jú mẹ́ta tí a óò fi pa á dáadáa tó.

Fọ́máàtì ńkọ́, tó rọrùn, tó yá? Ìwé tuntun tó ṣófo ni fọ́máàtì ń kọ rọ́pò ti àtijọ́. Ilẹ̀ tó ti jìn ṣì jìn síbẹ̀, nítorí náà dísìkì tí irin rẹ̀ bàjẹ́ á tún dá àṣìṣe sílẹ̀ láìpẹ́. Tó bá sì jẹ́ pé ìwé nìkan ló dàrú, ohun tí fsck ì bá tún ṣe ni a ti pa run. Lórí háàdì dísìkì, ètò bí PhotoRec ti Christophe Grenier ṣì lè máa dá fọ́tò àti ìwé mọ̀ nípa ohun tó wà nínú àpò, láìsí orúkọ, láìsí ọjọ́. Lórí SSD, ìrètí yẹn kéré gan-an, nítorí mkfs.ext4, àṣẹ tó ń ṣe fọ́máàtì fún ext4, sábà máa ń sọ fún un pé kó da gbogbo àpò nù. Fọ́máàtì ní àyè tirẹ̀, àyè náà sì ni ìgbà tí irin bá dára, tí ẹ̀dà bá sì ti wà lọ́wọ́.

Nítorí náà, tí kọ̀ǹpútà yín bá kọ̀ láti jí lẹ́yìn tí iná lọ, ẹ fi fóònù ya àwòrán ọ̀rọ̀ tó wà lójú rẹ̀ kí ẹ tó pa á, kí ẹ sì gbé àwòrán náà dání lọ sọ́dọ̀ alátùn-únṣe. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ́máàtì rẹ̀ kó tó fi ohun tí dmesg àti smartctl sọ hàn yín.